Ẹni Tí Ó Ń Sin Ẹja, Omi Ni Ó Ń Sìn

Ohun ọ̀ṣọ́ tí ó dùn-ún wò ni àpótí dígí tí a ń sin ẹja sí nínú ilé. Ẹni tí ó bá jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń wo ẹja bí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, yóò sì gbàgbé làálàá ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá padà dé ilé kan náà lẹ́yìn oṣù kan, kì í ṣọ̀wọ́n kí a bá àpótí náà ní òfìfo, kí ẹni tí ó ni ín ti sọ ọ́ di ibi ìkówèésí. Bí a bá bi í léèrè, yóò ní ẹja ti kú tán. Ẹlòmíràn a ní aláìsàn ẹja ni wọ́n tà fún òun. Ẹlòmíràn a sì ní ọwọ́ ayé ni. Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà púpọ̀, ẹlẹ́ja kò jẹ̀bi, ayé kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Omi ni ó kọ́kọ́ kú kí ẹja tó kú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹja gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń sin omi.

Kí ni ó ń pa omi? Ẹ jẹ́ kí a wo ẹja tí ó wà nínú odò ná. Ẹja inú Odò Ọ̀nà ń jẹun, ó ń mí, ó sì ń yàgbẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹja inú àpótí ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n omi odò kì í dúró sójú kan. Bí ó ti ń gbé ẹ̀gbin lọ, bẹ́ẹ̀ ni òkúta àti iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń bá a fọ ara rẹ̀. Ẹja inú àpótí kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Inú omi tí ó ń mí ni ó ń yàgbẹ́ sí, inú rẹ̀ náà ni àjẹkù oúnjẹ rẹ̀ ń jẹrà sí. Láti ara ẹ̀gbin wọ̀nyí, àti láti ibi tí ẹja fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ni májèlé kan ti ń jáde tí a ń pè ní amóníà. Amóníà kò ní àwọ̀. Omi lè mọ́ gaara bí omi inú àmù, kí májèlé yìí sì kún inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ojú lásán kò fi tó láti dá omi ẹja lẹ́jọ́.

Ọlọ́run Ọba kò ṣàì dá ohun tí yóò jẹ májèlé náà. Ní nǹkan bí ọdún 1890, ọ̀mọ̀wé kan, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sergei Winogradsky, fi hàn pé àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ín kan wà nínú ilẹ̀, tí ojú wa kò lè rí, tí ó jẹ́ pé amóníà ni oúnjẹ wọn. Bakitéríà ni a ń pè wọ́n. Ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ bí alágbàtà méjì nínú Ọjà'ba tí ọjà ń kọjá lọ́wọ́ èkínní bọ́ sọ́wọ́ èkejì. Ọ̀wọ́ kìn-ín-ní a gba amóníà, a sọ ọ́ di ohun mìíràn tí òun náà ṣì ń pa ẹja. Ọ̀wọ́ kejì a gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀, a sì sọ ọ́ di ohun tí kò léwu fún ẹja àfi bí ó bá pọ̀ jù, tí ó sì jẹ́ ajílẹ̀ fún ewéko. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilẹ̀ oko nìyẹn, òun náà sì ni wọ́n ń ṣe nínú omi. Ohun méjì péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa: ibùgbé tí wọn yóò lẹ̀ mọ́, àti omi tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ tí ń ṣàn kọjá lára wọn ní ọ̀sán àti ní òru.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí sísin ẹja nínú dígí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di àṣà, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Robert Warington fi hàn ní ọdún 1850 pé bí a bá gbin ewéko sínú omi pẹ̀lú ẹja, tí àwọn méjèèjì sì ṣe déédéé, omi náà yóò pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ní ọdún 1853, ọgbà ẹranko ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé kan tí gbogbo ènìyàn ti lè wá wo ẹja nínú dígí. Láti ìgbà náà wá ni àwọn olùtọ́jú ẹja ti ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi pèsè ibùgbé fún bakitéríà láìjẹ́ pé ibùgbé náà gba àyè lọ́wọ́ ẹja. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí wọ́n dá ni sọ́ǹpù. Àpótí kejì ni sọ́ǹpù, tí a ń gbé sí abẹ́ àpótí ẹja. Omi a ti òkè ṣàn wá sínú rẹ̀, a kọjá nínú asẹ́, a sì padà sí òkè nípa agbára pọ́ǹpù kékeré kan.

Àwọn aláró ìlú wa mọ ìdajì ọgbọ́n yìí tipẹ́. Àwọn ìyá tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìbàdàn, tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó tí a ṣí ní ọdún 1929 sára aṣọ tí wọ́n sọ ní Ìbàdàndùn, kì í ṣàì gbé ìkòkò méjì lérí ara wọn. Ihò wà ní ìdí ti òkè, eérú sì ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá da omi sí i, omi náà a rọra máa kán tó, tó, tó, sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, a sì di omi eérú tí wọn yóò fi rẹ ewé èlú. Omi tí ó wọ inú ìkòkò òkè kọ́ ni ó dé ìsàlẹ̀. Ohun tí ó bá pàdé lọ́nà ti yí i padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sọ́ǹpù. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé omi ẹja kò gbọdọ̀ dúró ní ìsàlẹ̀; ó gbọdọ̀ tún gòkè lọ.

Ẹnìkan lè wí pé, kí ni a ń ṣe wàhálà sí? Ṣé kò tó kí a máa da omi nù kí a sì máa pọn òmíràn? Àwọn àgbà tilẹ̀ wí pé omi tuntun rú, ẹja tuntun wọ̀ ọ́. Èsì wa ni pé omi kò sí lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú àwọn agboolé àtijọ́ tí ó wà ní Bẹẹrẹ, ní Bẹyẹrúnká àti lábẹ́ Òkè Mápó, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń pọn omi láti inú kànga kan ṣoṣo. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi kànga a fà sẹ́yìn, okùn a gùn, a sì máa tò kí a tó fà á. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Àpótí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, tí ó fẹ̀ ní 40, tí omi inú rẹ̀ sì ga ní 35, gba omi lítà 126. Ẹni tí ó bá ń da gbogbo rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yóò pọn lítà 252, èyí tí ó ju garawa 12 lọ bí garawa kan bá gba lítà 20. Ẹni tí ó ní sọ́ǹpù kò ní pààrọ̀ ju ìdá márùn-ún omi rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, èyí kò sì pé garawa méjì. Kò yẹ kí ẹja tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ máa bá ọmọ inú agboolé du omi mímu.

Wàyí o, bí a ti ń ṣe é nìyí.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a wá tábìlì tí ó lágbára. Omi lítà 126 wúwo ní kílò 126, èyí tí ó ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ, láìtíì ka ìwọ̀n dígí. Kí káfíńtà fi igi líle ṣe é, kí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣófo tó láti gba àpótí kejì.

Lẹ́yìn èyí, kí a wá àpótí ìsàlẹ̀. Kò pọn dandan kí ó lẹ́wà, nítorí kò sí ẹni tí yóò máa wò ó. Àpótí dígí àlòkù tí a fi gọ́ọ̀mù sílíkónì dí ojú ibi tí ó ń jò dára. Ike onígun mẹ́rin tí ó nípọn náà dára. Kí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, kí ó fẹ̀ ní 30, kí ó sì ga ní 30. Kí a fi ìgànná dígí méjì pín in sí yàrá mẹ́ta. Ìgànná kìn-ín-ní kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Kí a fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 3 sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí omi lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìgànná kejì gbọdọ̀ kanlẹ̀, kí a sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pinpin, ṣùgbọ́n kí ó má ga ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, kí omi lè bò ó lórí. Gọ́ọ̀mù tí a ó lò kò gbọdọ̀ ní oògùn apèbu nínú, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan kí omi tó kàn án.

Iṣẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Yàrá kìn-ín-ní ni omi ẹlẹ́gbin ń kọ́kọ́ dà sí. Kí a tẹ́ fóòmù tàbí kànìnkànìn tuntun tí ọṣẹ kò tíì kàn síbẹ̀, kí ó lè gba ìgbẹ́ àti àjẹkù oúnjẹ dúró. Yàrá kejì ni ilé bakitéríà, òun ni ó sì yẹ kí ó tóbi jù. Kí a gbé pẹpẹ ike tí a lu bí ajere sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí omi lè gba abẹ́ rẹ̀ gòkè. Lórí pẹpẹ yìí ni a ó da àpáàdì sí, èyí tí a ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ẹyin ẹyẹlé, tí a sì ti ṣàn títí tí omi rẹ̀ fi mọ́. Àpáàdì ìkòkò amọ̀ tí a kò kùn ni ó dára jù, nítorí inú rẹ̀ kún fún ihò tín-ín-tìn-ín tí ẹgbàágbèje bakitéríà lè fi ṣe ibùgbé. Kí a ṣọ́ra fún àpáàdì ìkòkò tí a ti fi se ọbẹ̀ rí tàbí tí a ti po oògùn sínú rẹ̀. Òróró àti iyọ̀ ti mu inú wọn. Yàrá kẹta ni a ó gbé pọ́ǹpù sí. Kò sí ohun mìíràn tí ó gbọdọ̀ wà níbẹ̀.

Báwo ni omi yóò ṣe kúrò ní òkè? Kí a lọ bá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ dígí, kí ó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ àpótí òkè, níbi tí a fẹ́ kí omi ga dé. Dígí kan wà tí a fi iná sọ di líle. Bí a bá lu irú rẹ̀, yóò fọ́ yángá, nítorí náà kí a wádìí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Láti ojú ihò yìí ni páìpù yóò ti máa gbé omi wálẹ̀ sínú yàrá kìn-ín-ní. Kí a fi àwọ̀n dí ẹnu rẹ̀ kí ẹja má baà bá omi lọ. Kí ó sì nípọn ju páìpù tí ń gbé omi gòkè lọ, nítorí èyí tí ń sọ̀ kalẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tí ń tì í. Ní ti pọ́ǹpù, kí ó lè gbé nǹkan bí lítà 600 ní wákàtí kan dé gíga tí àpótí òkè wà. Iye tí a kọ sára pọ́ǹpù máa ń jẹ́ iye tí ó lè gbé nígbà tí kò sí òkè tí ó ń gùn. Bí ó bá ti ń gbé omi gòkè, agbára rẹ̀ ń dínkù.

Ibi tí a dé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi omi kún ilé wọn. Iná mànàmáná kì í wà ní gbogbo ìgbà. Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù a dákẹ́, omi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú páìpù kan náà tí ó gbé e gòkè padà wálẹ̀. Bí ẹnu páìpù náà bá rì sínú omi òkè ní sẹ̀ǹtímítà 20, lítà 72 ni yóò fà wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àyè tí ó ṣófo nínú sọ́ǹpù wa, nígbà tí omi rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 20, kò ju lítà 18 lọ. Lítà 54 yóò wá dà sí ilẹ̀ pálọ̀ lóru. Ìdènà rẹ̀ kò nira. Kí ẹnu páìpù náà má rì ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, kí a sì tún lu ihò kékeré kan sí i lára ní ìsàlẹ̀ ojú omi díẹ̀. Bí omi bá ti sọ̀ dé ojú ihò náà, afẹ́fẹ́ a wọlé, omi a sì dúró. Bí a bá ṣe èyí, lítà 7 àti díẹ̀ péré ni yóò wálẹ̀, èyí kò sì ní gbé omi sọ́ǹpù ga ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Kí a tó fi ẹja kan sínú rẹ̀, kí a pa iná fúnra wa, kí a dúró tì í, kí a sì wò ó.

Kí okùn iná pọ́ǹpù kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀ kí ó tó gòkè lọ sí ojú iná, kí omi tí ó bá tẹ̀lé e lè kán sí ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ inú omi láìyọ okùn náà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, kí a má kánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àpáàdì tuntun kò tíì ní olùgbé. Kí a jẹ́ kí omi máa yípo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí a máa fi oúnjẹ ẹja ìwọ̀nba sí i lójoojúmọ́ bí ẹni pé ẹja wà níbẹ̀, kí bakitéríà lè rí oúnjẹ kí wọ́n sì bí sí i. Bí a bá lè rí ẹ̀kúnwọ́ àpáàdì tàbí òkúta wẹ́wẹ́ láti inú àpótí tí ẹja rẹ̀ ń gbádùn, kí a fi sí i. Iṣẹ́ ìwúkàrà nínú ìyẹ̀fun ni yóò ṣe. Ẹni tí ó bá ra ẹja ní ọjọ́ tí ó ra àpótí ti kó ẹja rẹ̀ wọ inú ilé tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀. Kí a máa fún fóòmù yàrá kìn-ín-ní lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ti àpáàdì, a kì í fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Omi tí ó ń ti Ẹlẹ́yẹlé, tí a ṣí ní ọdún 1942, àti ti Aṣéjìrẹ́, tí a ṣí ní ọdún 1972, wá ni a ń fi kilorínì sí kí ó lè pa kòkòrò àrùn. Kilorínì yìí kò mọ kòkòrò rere yàtọ̀ sí búburú. Inú omi tí a bá bù láti inú àpótí ẹja fúnra rẹ̀ ni kí a ti rọra ṣàn án. Bí omi ẹ̀rọ ni a ó fi kún àpótí, kí a kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ nínú agbada tí ẹnu rẹ̀ là fún odindi ọjọ́ kan. Iṣẹ́ bakitéríà a máa mú omi kan díẹ̀díẹ̀. Ìkarahun ìgbín tí a ti sè tí a sì ti fọ̀ mọ́, bí a bá fi sínú yàrá kejì, yóò máa bá a pa kíkan náà. Omi tí a bá bù jáde, kí a má dà á sójú àgbàrá. Ajílẹ̀ ni fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Bí iná bá sì lọ pẹ́, kí a má fún ẹja ní oúnjẹ, kí a sì máa fi igbá bu omi ìsàlẹ̀ dà sí òkè láti ìgbà dé ìgbà, nítorí bakitéríà tí kò rí afẹ́fẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Irú ẹja wo ni kí a sìn? Nínú àpótí tí a ṣàpèjúwe yìí, ẹja mẹ́wàá tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ tó. Ẹja kékeré aláwọ̀ mèremère kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní kribensis, tí wọ́n ń sìn káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Inú odò gúúsù Nàìjíríà wà lára ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. A kò gbọdọ̀ fi òjíjí pẹ̀lú ẹja mìíràn, nítorí gìrì ara rẹ̀. Ní ti àrọ̀, a máa dàgbà ju irú àpótí yìí lọ, a sì tún máa ń tan ẹni tí ń sìn ín. Àrọ̀ ní ohun kan nínú orí rẹ̀ tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ ojú omi, nítorí náà kì í tètè kú nínú omi búburú. Ẹni tí ó bá rí i tí ó ṣì wà láàyè a rò pé omi òun dára. Ìfaradà kì í ṣe ìlera.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ti ẹja lọ. Ìlú tí a kọ́ sórí òkè dàbí àpótí òkè. Òjò tí ó rọ̀ sí Òkè Mápó ń gba ojú àgbàrá lọ sí Ògùnpa àti Kúdẹtì, ohun tí ó bá sì bá lójú ọ̀nà ni ó ń gbé lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ó sì gbé ilé lọ. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ kò ṣàì dárúkọ ìdọ̀tí tí a dà dí ojú omi. Ohunkóhun tí ó wà láàyè ni ó ń da ìdọ̀tí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí. Ohun tí ó yẹ kí á bi ara wa ni ibi tí a pèsè sílẹ̀ fún ìdọ̀tí náà kí ó má baà padà wá bá wa.

ÌDÁNWÒ

1. Kí ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn nígbà tí ó wí pé omi ni ó kọ́kọ́ kú kí ẹja tó kú?
2. Ṣàlàyé iṣẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan nínú sọ́ǹpù.
3. Ọ̀nà wo ni ìkòkò méjì àwọn aláró fi jọ sọ́ǹpù? Ọ̀nà wo ni ó fi yàtọ̀ sí i?
4. Bí àpótí òkè bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100, tí ó fẹ̀ ní 50, tí ẹnu páìpù sì rì ní sẹ̀ǹtímítà 3, lítà omi mélòó ni yóò padà wálẹ̀ bí iná bá lọ?
5. Fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú gbólóhùn tìrẹ: àpáàdì, ajere, ìgànná, ajílẹ̀, alágbàtà.
6. Kọ àròkọ lórí àkọlé yìí: "Ibi tí ìdọ̀tí àdúgbò mi ń lọ."